Apá Rọ́bọ́ọ̀tì fún Ẹni tí Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ti Rọ: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Darí Rẹ̀?

Bí àwọn èèyàn bá kọ́kọ́ rí apá rọ́bọ́ọ̀tì lára kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni bó ṣe lágbára tó àti èló ni wọ́n ń tà á. Kò burú, a ó dé orí ẹ̀. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni pé ẹni tó fẹ́ lò ó kò lè gbé ìka kan ṣoṣo. Kí ló máa wá fi sọ fún apá náà pé ife omi lòun fẹ́, kì í ṣe fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ń lọ.

Ṣé òun náà ni ọwọ́ àtọwọ́dá tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́?

Rárá o. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ṣì ní ọwọ́ méjèèjì lára. Àṣẹ tí ọpọlọ ń pa ni kì í dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tó ń jókòó lé ni wọ́n máa ń de apá rọ́bọ́ọ̀tì mọ́, tàbí kí wọ́n gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni JACO, tí iléeṣẹ́ Kinova ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ń ṣe. Ọdún 2006 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Charles Deguire, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ní àwọn ìbátan kan tí àìsàn tó ń jẹ iṣan ara ń bá fínra, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Jacques sì ti gbìyànjú láti fọwọ́ ara rẹ̀ pilẹ̀ apá kan fún ara rẹ̀. Látinú orúkọ yẹn ni JACO ti wá. Oríkèé mẹ́fà ló ní, ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 5, ó ń nà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90, ohun tó lè gbé kò sì ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Ó lè gbé ìgò omi, kò lè gbé korobá.

JACO kọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Láti àwọn ọdún 1980 làwọn ará Netherlands ti ń ṣiṣẹ́ lórí èyí tí wọ́n pè ní MANUS, iléeṣẹ́ Exact Dynamics ló wá sọ ọ́ di iARM nígbà tó yá.

Kí ló máa ń ṣe èèyàn tó fi máa nílò irú rẹ̀?

Ìjàǹbá ọkọ̀, kéèyàn já látorí igi tàbí òrùlé, kéèyàn fi orí bẹ́ sómi tí kò jìn, ohunkóhun tó bá ṣáà ti pa ògóóró ẹ̀yìn lára níbi ọrùn. Egungun méje ló wà lọ́rùn. Bí ibi tó fara pa bá ṣe sún mọ́ orí tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó máa kù fún un láti lò ṣe máa kéré tó. Ẹni tó fara pa níbi egungun kẹrin sábà máa ń lè yí orí kó sì gbé èjìká sókè, àmọ́ apá ò ní gbọ́ràn. Bó bá jẹ́ níbi ìkarùn-ún tàbí ìkẹfà ni, ó lè ṣì máa ká ìgúnpá.

Àìsàn náà wà níbẹ̀. ALS, àìsàn tó ṣe Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Britain, máa ń gba agbára iṣan díẹ̀díẹ̀, ojú sì sábà máa ń wà lára ohun tó máa ń fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn. Sítróòkù tó bá bọ́ sí ìdí ọpọlọ náà wà: ẹni náà á máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, orí rẹ̀ á pé, kò kàn ní lè mi nǹkan kan àfi kó gbójú sókè sódò kó sì ṣẹ́jú.

Ìdí tí mo fi ń ka gbogbo èyí sílẹ̀ ni pé ohun tó bá ṣẹ́ kù lára ẹni náà ni wọ́n máa fi darí apá. Kò sí ọ̀nà kan tó bá gbogbo èèyàn mu. Ẹni tó ní ALS tiẹ̀ ní láti múra ọ̀nà kejì sílẹ̀ kí èyí tó ń lò lónìí tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀pá ìdarí tí wọ́n fi ń wa kẹ̀kẹ́, ṣé kò lè wa apá náà ni?

Ó lè wà á, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti ń dà rú.

Kẹ̀kẹ́ ò mọ̀ ju kó lọ síwájú, kó pa dà sẹ́yìn, kó yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Apá yàtọ̀. Kí ọwọ́ tó lè dé ibi tó bá wù ú, ó gbọ́dọ̀ lè lọ síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò. Mẹ́ta nìyẹn. Kó tó lè kọjú sí ohun tó fẹ́ mú bó ṣe yẹ, ó gbọ́dọ̀ lè yí gba ọ̀nà mẹ́ta mìíràn. Mẹ́fà ti pé. Ṣíṣí ìka àti pípa á dé, ó di méje. Ọ̀pá ìdarí wá rèé, ọ̀nà méjì péré ló mọ̀, bóyá mẹ́ta tó bá ṣeé lọ́.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n pín iṣẹ́ apá sí ipò ipò. Ní ipò kan, ọ̀pá ń gbé ọwọ́ kiri. Ní ipò kejì, ó ń yí ọrùn ọwọ́. Ní ìkẹta, ìka ló ń ṣí tó ń pa. Bọ́tìnì ni wọ́n fi ń ti ibì kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹnì kan tó fẹ́ mu omi. Àgbọ̀n ló fi ń ti ọ̀pá. Ó gbé ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì síwájú títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ife. Àmọ́ ọwọ́ náà dojú bolẹ̀, kò lè di ife mú báyẹn. Ó tẹ bọ́tìnì, ó bọ́ sí ipò ọrùn ọwọ́, ó yí i kó dùbúlẹ̀. Yíyí tó yí i ti sún un kúrò lọ́gangan ife. Ó tún tẹ bọ́tìnì, ó pa dà sí ipò àkọ́kọ́, ó sún un sósì díẹ̀. Bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di ipò ìka. Ó rọra ń pa ìka pọ̀, ó tẹjú mọ́ ife ike náà bóyá á rún. Bọ́tìnì, ó gbé e sókè, ó mú un bọ̀ wá sẹ́nu. Bọ́tìnì, kó dà á díẹ̀ kí omi lè wọlé. Bó bá lọ gbàgbé ipò tó wà, tó rò pé òun ń gbé ife bọ̀ tó sì jẹ́ pé ọrùn ọwọ́ ló ń yí, omi ti dà sí i láyà nìyẹn.

Ní ọdún 2016, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Carnegie Mellon, ní Amẹ́ríkà, wo bí àwọn èèyàn ṣe ń fi JACO ṣe iṣẹ́ ilé, wọ́n sì rí i pé yíyí láti ipò kan sí òmíràn nìkan gbà ju ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo àkókò iṣẹ́ lọ. Ọwọ́ ò tíì gbé nǹkan kan ní gbogbo ìgbà yẹn o. Àwọn tó ṣe JACO náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ipò mímu omi sí i: bí ẹ bá bọ́ síbẹ̀, ẹnu ife á dúró sójú kan, ìdí rẹ̀ nìkan láá máa gbéra. Nǹkan kékeré ni, ó sì wúlò púpọ̀.

Tí àgbọ̀n ò bá ṣiṣẹ́, kí ló tún kù?

Orí: wọ́n lè fi ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ sára fìlà tàbí gíláàsì ojú, kí títẹ orí síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú títi ọ̀pá. Èémí: ọ̀pọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ kan á wà lẹ́nu, ẹni náà á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i tàbí kó máa fà á, líle tàbí jẹ́jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ. Ahọ́n: ní Yunifásítì Georgia Tech, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré sára ahọ́n kí ẹ̀rọ lè máa tẹ̀ lé ibi tó bá yí sí. Ẹni tí iṣan kan ṣoṣo ṣì ń fò fẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ ara náà ò ṣófo, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ iná inú iṣan lè sọ ọ́ di bọ́tìnì.

Bọ́tìnì kan ṣoṣo tó, bó tiẹ̀ falẹ̀: ojú ẹ̀rọ á máa tan iná sórí ohun tẹ́ ẹ lè yàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá dé orí èyí tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó ń gba sùúrù, mi ò ní parọ́.

Ojú ńkọ́? Ṣé téèyàn bá kàn wo ife, apá á lọ mú un wá?

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Kámẹ́rà tó ń tẹ̀ lé ẹyinjú ti wà tipẹ́, wọ́n sì ń fi í kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ojú ni láti máa wò. Ẹ wo ilẹ̀kùn nítorí ẹnì kan wọlé, ẹ wo ife nítorí ó wà níwájú yín, ẹ wo ọmọ tó ń sáré kọjá. Bí apá bá ń ka gbogbo wíwò sí àṣẹ, kò ní sinmi, ẹ̀yin náà ò sì ní sinmi. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé wọ́n máa ń fi nǹkan míì tì í lẹ́yìn: kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ọn fún ìwọ̀n àkókò kan, tàbí kẹ́ ẹ ṣẹ́jú, tàbí kẹ́ ẹ fi bọ́tìnì kan fọwọ́ sí i.

Ohun mìíràn rèé tí wọn kì í sọ: bí ojú bá ń darí apá, kò ráyè ṣọ́ apá mọ́. Ẹni tó ń gbé ife fẹ́ wo ife. Lójú tèmi, ojú dáa fún yíyan ohun téèyàn fẹ́, kò dáa tó bẹ́ẹ̀ fún títi ọwọ́ kiri.

Ohùn ńkọ́?

Ó dáa fún àṣẹ ńlá: “dúró”, “pa dà sílé”, “ṣí ọwọ́”. Kò dáa fún “díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, ó tó, ó ti pọ̀ jù”. Ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí, tàbí tí ohùn rẹ̀ ò já geere, á tún rí i pé ẹ̀rọ ò gbọ́ òun nígbà míì.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi ọpọlọ nìkan darí rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ó sì ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ògóóró ẹ̀yìn bá já, ibi tó ń darí ọwọ́ nínú ọpọlọ kò kú. Bí ẹni náà bá gbìyànjú láti gbé ọwọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ṣì máa ń sọ̀rọ̀, kò kàn sí ẹni tó máa jíṣẹ́ wọn ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ wá ṣe ni pé wọ́n ṣí agbárí, wọ́n fi pátákó kékeré kan síbẹ̀, ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, abẹ́rẹ́ tín-ín-tín bí ọgọ́rùn-ún ló wà lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn ló ń gbọ́ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ta iná. Kọ̀ǹpútà á wá kọ́ bí iná yẹn ṣe ń rí nígbà tí ẹni náà bá fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, àti bó ṣe ń rí nígbà tó bá fẹ́ lọ sókè.

Ní oṣù April 2011, obìnrin kan tó ń jẹ́ Cathy Hutchinson, tí sítróòkù ti sọ di ẹni tí kò lè mi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí kò sì lè sọ̀rọ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fi ọpọlọ rẹ̀ darí apá rọ́bọ́ọ̀tì kan láti gbé ìgò kọfí wá sẹ́nu. Ó fa kọfí náà mu pẹ̀lú síróò. Àwọn olùṣèwádìí tí wọ́n ń pè ní BrainGate ló ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature lọ́dún 2012. Nínú ìgbìyànjú mẹ́fà, mẹ́rin ló bọ́ sí i. Ẹ má fojú kéré mẹ́rin nínú mẹ́fà o, ẹ má sì gbàgbé méjì tó kù.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní Yunifásítì Pittsburgh, Jan Scheuermann, obìnrin tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ti rọ, darí apá mìíràn gba gbogbo ọ̀nà méje tá a kà lókè, lẹ́ẹ̀kan náà, láìyí ipò kankan. Ó fi bu ṣokoléètì jẹ. Ìyàtọ̀ nìyẹn. Àgbọ̀n ń darí nǹkan méjì méjì, ọpọlọ lè darí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ bí ọwọ́ gidi ṣe ń ṣe. Àmọ́ nígbà tó fi máa di 2014, wọ́n ti yọ pátákó méjèèjì tí wọ́n fi sí ọpọlọ rẹ̀ kúrò.

Kí ló dé tí wọ́n ń yọ ọ́? Ṣé kì í pẹ́ ni?

Ọpọlọ kò fẹ́ràn àlejò. Àpá máa ń kóra jọ yí abẹ́rẹ́ ká, ohun tó ń gbọ́ á sì máa rẹlẹ̀ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí wọ̀nyí, wáyà ló yọ síta láti agbárí tí wọ́n ti ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ojú ibẹ̀ sì gba ìtọ́jú lójoojúmọ́ kí kòkòrò àrùn má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń ṣe èyí tí kò ní wáyà báyìí. Neuralink, ọ̀kan nínú wọn, kéde lóṣù November 2024 pé àwọn fẹ́ dán an wò pẹ̀lú apá rọ́bọ́ọ̀tì.

Wàhálà kejì kò hàn sójú. Iná tí ọpọlọ ń ta kì í rí bákan náà láti ọjọ́ kan sí òmíràn. Èyí tí kọ̀ǹpútà kọ́ lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó bá fi di Ọjọ́bọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu mọ́, wọ́n á tún ní láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù March 2025, àwọn onímọ̀ ní UCSF, yunifásítì kan ní San Francisco, ròyìn nípa ọkùnrin kan tí sítróòkù ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Orí ọpọlọ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ lé, wọn ò gún un wọ inú. Wọ́n kíyè sí i pé bí ìrìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe rí nínú ọpọlọ rẹ̀ kò yí padà, ibi tí àwòrán ìrìn náà wà nínú ọpọlọ ló ń sún díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa fojú sọ́nà fún sísún yẹn, ọkùnrin náà lo apá fún oṣù méje. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ife, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Nígbà tó tún pa dà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n fi tún un ṣe.

Èmi ka èyí sí pàtàkì ju ọ̀pọ̀ fídíò aláràbarà tí wọ́n ń pín kiri lọ. Ẹni tó bá máa fi apá jẹun láàárọ̀ kò lè máa dúró de ẹnjiníà kó wá kọ́kọ́ tún ọpọlọ òun kà.

Ṣé wọ́n á lè mọ ohun tí mo ń rò?

Wọn ò lè mọ̀ ọ́n. Ibi tó ń darí ọwọ́ ni wọ́n gbé e sí, ìgbìyànjú láti gbé ọwọ́ ló sì ń gbọ́. Ẹni tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún àna yín kò sí nínú rẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ẹni tó ń tọ́jú ohun tí ẹ̀rọ bá gbà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i nínú ìwé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ṣé fìlà tí wọ́n ń dé sórí kò lè ṣe é, ká má ṣí agbárí?

Fìlà yẹn ń gbọ́ iná ọpọlọ láti ìta, egungun àti awọ orí sì wà láàárín. Ariwo inú ọjà ló ń gbọ́, kì í gbọ́ ohùn ẹnì kan. Olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Bin He àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn lọ́dún 2016 pé àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá fi í gbé apá rọ́bọ́ọ̀tì lọ mú nǹkan, nítorí náà ó ṣeé ṣe. Kò yá, ó sì máa ń ṣàṣìṣe ju èyí tó wà nínú agbárí lọ. Fún ẹni tí orí àti ẹnu rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àgbọ̀n ṣì máa ń yá ju fìlà lọ.

Ẹni tó ń lo apá náà, ṣé ó ń mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá fọwọ́ kan nǹkan?

Pẹ̀lú ọ̀pá ìdarí, rárá. Ojú nìkan ló ń sọ fún un pé òun ti dì í mú, ìdí nìyẹn tí ife ike fi máa ń rún.

Nathan Copeland, tí ìjàǹbá ọkọ̀ ba ọrùn rẹ̀ jẹ́ lọ́dún 2004, wà lára àwọn tó ti kọjá ibẹ̀. Ní Pittsburgh náà ni wọ́n ti fi pátákó sí ọpọlọ rẹ̀ lọ́dún 2015, àmọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń gbọ́ àṣẹ, wọ́n tún fi òmíràn síbi tó ń mọ ìfọwọ́kàn. Bí ìka rọ́bọ́ọ̀tì bá kan nǹkan, wọ́n á ta iná díẹ̀ síbẹ̀, á sì dà bíi pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ kàn. Òun ni Ààrẹ Obama fi ẹ̀ṣẹ́ kan ẹ̀ṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ láti kí i lóṣù October 2016. Nígbà tí wọ́n wọn iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2021, nǹkan tó máa ń gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 21 láti mú àti láti gbé wá di nǹkan bíi 10 péré nígbà tí ìmọ̀lára wà níbẹ̀. Ìlàjì ló já kúrò. Ibi tó ti jèrè àkókò jù ni dídì mú, níbi táwọn tó kù ti máa ń dúró wo bóyá ó ti wọlé.

Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí rọ́bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀? Ọkọ̀ ti ń wa ara rẹ̀.

Wọ́n ń ṣe é, ní ìwọ̀nba. Kámẹ́rà á rí ife, kọ̀ǹpútà á mọ bí ọwọ́ ṣe máa yí kó lè mú un, ẹni náà á kàn máa sọ ibi tí òun ń lọ. Ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, Robert Chmielewski, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, fi ọpọlọ darí apá méjì pa pọ̀, ọ̀kan di fọ́ọ̀kì mú, èkejì di ọ̀bẹ mú, ó sì gé kéèkì jẹ. Kọ̀ǹpútà ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn ọwọ́. Ó wá ń dúró fún un láwọn ibi tó ti pọn dandan, kó fi àṣẹ kékeré yan ibi tí ọ̀bẹ máa gé. Ní Yunifásítì Stanford, wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà kí títi ọ̀pá kan náà lè ní ìtumọ̀ tó yàtọ̀ bí ọwọ́ bá wà nítòsí àwo tàbí nítòsí ife. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà láti bọ́ lọ́wọ́ ipò, ipò, ipò yẹn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Central Florida fún àwọn tí ògóóró ẹ̀yìn wọn ti bà jẹ́ ní apá MANUS kan náà lọ́nà méjì: nínú ọ̀kan, àwọn fúnra wọn ló ń darí rẹ̀, nínú èkejì, ẹ̀rọ ló ń lọ mú nǹkan wá. Èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe dín wàhálà wọn kù. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn darí ló tẹ́ wọn lọ́rùn jù. Ọdún 2012 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n ti ń fún lóúnjẹ, tí wọ́n ń wẹ̀ fún, tí wọ́n ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì lákòókò tó bá rọ ẹlòmíì lọ́rùn, kò wá ẹlòmíì kún àwọn tó ń pinnu fún un. Ohun tó fẹ́ ni kó jẹ́ òun ló mú ife yẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá máa ràn án lọ́wọ́, kó ràn án lọ́wọ́ bí ìyàwó tó gbọ́n ṣe ń ran ọkọ tó ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́: kó sọ pé kòtò wà níwájú, kó má já sítíárì gbà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí, pàápàá àwọn tí kò tíì jókòó ti ẹni tó ń lò ó fún wákàtí kan, kì í sábà ronú kan èyí.

Ṣé ó lè fún mi ní ọ̀kẹ̀lẹ̀ ẹ̀bà?

Ìbéèrè àtàtà. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó ń fúnni lóúnjẹ wà, ní Yunifásítì Washington ní Seattle, wọ́n ti ṣiṣẹ́ gan-an lórí rẹ̀ pẹ̀lú apá JACO tó di fọ́ọ̀kì mú. Wọ́n rí i pé gbogbo oúnjẹ kọ́ ni wọ́n ń gún bákan náà. Kárọ́ọ̀tì líle, ẹ gún un tààrà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀ á já bọ́ bẹ́ ẹ bá gún un tààrà, àfi kí fọ́ọ̀kì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ohun tó bá gùn, etí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gún kí ẹni náà lè rí èyí tó kù gé jẹ.

Ọ̀kẹ̀lẹ̀ ò sí nínú gbogbo ìyẹn. Bíbù, yíyí mọ́ ìka, títẹ̀ ẹ́ bọ ọbẹ̀, gbígbé e láìjẹ́ kí ilá fà dé àyà: ìka márùn-ún tó ń mọ ìfọwọ́kàn ni gbogbo rẹ̀ wà fún, ọwọ́ JACO ò sì ní ju ìka mẹ́ta lọ. Ìrẹsì, ẹ̀wà, dòdò, àkàrà tí wọ́n ti gé, síbí àti fọ́ọ̀kì á ṣe é. Ní ti ẹ̀bà àti ilá, ẹ ṣì máa pe ẹnì kan.

Yàtọ̀ sí oúnjẹ, kí ni àwọn tó ní i ń fi ṣe?

Ohun tí ẹni tó ní ọwọ́ kì í kà sí iṣẹ́. Kí wọ́n họ imú tó ń yún wọn. Kí wọ́n ti gíláàsì ojú tó ń yọ́ bọ̀ wálẹ̀ pa dà sókè. Kí wọ́n tan iná yàrá. Henry Evans, ará California tí sítróòkù kọ lù lọ́dún 2002 nígbà tó wà ní ẹni ogójì ọdún tí kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́, fi yíyí orí darí rọ́bọ́ọ̀tì ńlá kan tó ń jẹ́ PR2 láti inú kọ̀ǹpútà, ó fi fá irùngbọ̀n ara rẹ̀, ó sì fi họ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sórí èyí tó kéré jù ú lọ, Stretch, tó dúró lórí ẹsẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ tirẹ̀, tí kò sì wà lára kẹ̀kẹ́ Evans rárá. Ìyẹn ní èrè tirẹ̀: ó lè lọ mú nǹkan wá láti yàrá kejì nígbà tí ẹni tó ni ín dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣé kò lè ṣe èèyàn léṣe? Apá irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú?

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa falẹ̀ ni. JACO kì í kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí kò lè fọwọ́ gbá a dà nù, tí kò sì lè yẹra, nílò kí apá náà mọ̀ pé òun ti kan nǹkan, kó sì dúró. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí fífi oúnjẹ sí ẹnu máa ń wọn agbára tí fọ́ọ̀kì fi ń ti ẹnu fún ìdí yìí.

Èló ni?

Ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ dáadáa. Ní Netherlands, ìbánigbófò ìlera ti ń san án fún àwọn tó tọ́ sí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà lọ́dún 2011 fojú díwọ̀n pé JACO lè dín àkókò tí olùtọ́jú ń lò kù ní ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń san owó máa ń fẹ́ gbọ́ irú iye báyẹn.

A wà ní Nàìjíríà. Ṣé ká tiẹ̀ máa ronú nípa rẹ̀?

Ẹ máa ronú nípa rẹ̀, àmọ́ ẹ tò ó dáadáa. Apá tí wọ́n dè mọ́ kẹ̀kẹ́ kì í dá dúró, bátìrì kẹ̀kẹ́ ló ń jẹ. Ẹni tó ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ló kọ́kọ́ nílò. Tí kò bá sí iná tó dájú nílé, sólà tàbí ẹ̀rọ inverter ló ṣáájú kẹ̀kẹ́. Òfin tó dá ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara mọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù January 2019, sọ pé ilé ìjọba gbọ́dọ̀ ṣeé wọ̀ fún wọn, àmọ́ kò ní ra apá rọ́bọ́ọ̀tì fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tí kò náni lówó púpọ̀ tún wà: síróò gígùn tí wọ́n de mọ́ kẹ̀kẹ́, irin tó di fóònù mú níwájú ojú, fóònù tó ń gbọ́ àṣẹ ohùn, bọ́tìnì tí wọ́n lè fi orí tẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ bọ́tìnì orí lò dáadáa ti rin ìdajì ọ̀nà, nítorí bọ́tìnì kan náà ló máa fi darí apá lọ́jọ́ tó bá dé.

Tí ẹnì kan láti òkè òkun bá fẹ́ rà á ránṣẹ́, kí ni ká bi oníṣòwò?

Ta ló máa tún un ṣe, níbo? Tí iná bá kú lójijì, ṣé apá á dúró sójú kan ni àbí á já bọ́ sórí itan ẹni tó jókòó? Ṣé ó lè gba bọ́tìnì àti ọ̀pá ìdarí tẹ́ ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀, àbí tiwọn nìkan ló mọ̀? Tí àìsàn náà bá le sí i, tí àgbọ̀n kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ṣé wọ́n á yí i sí ojú tàbí èémí láìgba owó tuntun? Kí ẹni tó máa lò ó fúnra rẹ̀ dán an wò, kì í ṣe àbúrò rẹ̀ tó lọ́wọ́ méjèèjì. Kẹ́ ẹ sì wo bọ́tìnì tó ń dá apá dúró lójú ẹsẹ̀: níbo ló wà, ṣé ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ láìpe ẹnikẹ́ni?